Àtọ̀gbẹ Kì Í Ṣe Ogún Dandan

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yé sọ pé: "Àtọ̀gbẹ ìdílé wa ni, kò sóhun tá a lè ṣe sí i." Ọ̀rọ̀ yìí ń pa wá.

Òótọ́ ni pé a máa ń jogún ewu rẹ̀. Ní Fínláńdì, wọ́n ṣèwádìí lórí àwọn èèyàn 522 tí wọ́n sanra, tí ṣúgà wọn sì ti ń gòkè. Àwọn tó jogún irú àbùdá kan tó ń mú kí iná tí ara fi ń bá àrùn jà máa jó ju bó ṣe yẹ lọ, ewu tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Àmọ́ ẹ gbọ́ ìyókù! Nínú ìwádìí kan náà, àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ láti tún oúnjẹ wọn ṣe, kí wọ́n sì máa ṣe eré ìdárayá, ewu tiwọn fi ìdá 58 nínú 100 dín kù.

Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan là ń jogún, à ń jogún ìkòkò ọbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀rá inú ikùn ló ń koná mọ́ ewu náà. Ẹ máa rìn, ẹ dín òkèlè àti mínírà kù. Bí òbí bá ní in, kí àwọn ọmọ lọ yẹ ṣúgà wò láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun: 100 sí 125, ìkìlọ̀ ni, 126 sókè, ẹ tètè lọ rí dókítà.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín.