Igi Tàbí Omi?

Ọ̀rọ̀ igi ìdáná dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìyá ẹlẹ́wà kan àti bàbá aṣẹ́gità ní Ìsúndúnrin, lágbègbè Èjìgbò. Ìyá ra ìdì igi mẹ̀láínà mẹ́ta, ó gbé ẹ̀wà kaná kí àkùkọ tó kọ. Ilẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ iléèwé gbé abọ́ dé, ẹ̀wà ṣì le bí òkúta. Èéfín bo àdúgbò, ojú ìyá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Igi tán, ẹ̀wà ò jinná. Owó ọjọ́ náà bá eérú lọ.

Ló bá lọ ká bàbá mọ́lé.

"Bàbá, ẹ kú ìjókòó o. Ṣé igi lẹ tà fún mi ni àbí omi?"

"Ìyá, ẹ má bínú. Igi mà ni. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀ ń fẹ́ èyí tó pọ́ọ́kú."

"Họ́wù! Ìdì mẹ́ta tí ò se ẹ̀wà kóńgò kan, ṣé ìyẹn ló pọ́ọ́kú, Bàbá?"

Àwọn ará ilé dá sí i. Ta ló wá jẹ̀bi?

Mẹ̀láínà kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Ọ̀nà Íńdíà ni wọ́n ti mú un wá. Ìjọba gbìn ín sínú igbó ọba torí pé ó ń yára dàgbà, wọ́n sì ní àwọn ó fi ṣe bébà ní Ìwópin. Igi tó ń sáré dàgbà, ara ẹ̀ sáábà máa ń fúyẹ́. Àràbà ńkọ́? Ahùn ńkọ́? Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Wọ́n á jó fòò, wọn ò ní fi ẹyinná gidi sílẹ̀. Àyìn ò rí bẹ́ẹ̀. Èèyàn á jẹun tán, á sùn, ẹyinná àyìn á ṣì wà nínú ààrò.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí. Bí ẹ bá gbé kílò kan mẹ̀láínà àti kílò kan àyìn sórí òṣùwọ̀n, tí àwọn méjèèjì gbẹ dọ́gba, ooru wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Ìdì la fi ń ra igi lọ́dọ̀ tiwa, a kì í fi kílò rà á. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ.

Èyí tó burú jù ni omi. Igi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, nǹkan bí ìdajì ìwúwo ẹ̀ lè jẹ́ omi. Iná á kọ́kọ́ se omi inú igi kó tó se ẹ̀wà ẹnikẹ́ni. Òun náà ló ń fa èéfín rẹpẹtẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní èéfín ìdáná inú ilé pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 èèyàn lọ́dún 2020. Kẹ́nikẹ́ni má sì bi ìyá pé kí ló dé tí kò lo sítóòfù. Oṣù kìíní ọdún 2016 ni ìjọba gbé jálá kẹrosíìnì kan kúrò ní náírà 50 sí 83, náírà 83 ọ̀hún gan-an ti di ìtàn.

Igi fífúyẹ́ níṣẹ́ tiẹ̀ o. Ó dára láti fi koná, láti fi se omi àmàlà kíákíá. Ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, wọ́n ní igi kan tí wọ́n ń pè ní poplar, àbùkù kan náà ni wọ́n ń bù ú. Síbẹ̀, bí òtútù ò bá tíì mú púpọ̀, òun ni wọ́n ń fi sínú sítóòfù onígi, wọ́n á tọ́jú èyí tó wúwo de òtútù gidi. Kí wọ́n tó dáná sí i, wọ́n á ti là á, wọ́n á tò ó sókè kúrò nílẹ̀, wọ́n á bo orí ẹ̀, atẹ́gùn á máa gba ẹ̀gbẹ́ kọjá fún oṣù mélòó kan. Ọyẹ́ tiwa ń ṣe iṣẹ́ yẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá ò dúró de ọyẹ́, owó ló ń wá. Ìyá náà ò wo ẹnu igi bóyá ó ti sán.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, bàbá fi ìdì kan jin ìyá. Àyìn ni. Ìyá dúpẹ́, ó ká òṣùká lé orí. Kó tó gbé e, ó fa ẹ̀là méjì yọ, ó lù wọ́n mọ́ra, ó tẹ́tí. Wọ́n dún kó.