KÍ ẸSẸ̀ TÓ SÁ, KÍ OJÚ KỌ́KỌ́ WÒ

Lẹ́tà kan dé lọ́sẹ̀ yìí tí mi ò lè gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Obìnrin kan tó ń ta ata ló kọ ọ́. Ó ní wọ́n ṣàdéédéé pariwo “ẹ sá o!” lọ́jà, òun ò bèèrè nǹkan kan, òun ti dé títì kóun tó rántí pé ọmọ òun ọlọ́dún mẹ́ta ń sùn lábẹ́ tábìlì. Àṣé màlúù kan ló já okùn! Ìyá tó ń ta gààrí nísọ̀ kejì ló gbé ọmọ náà. Ó wá bi mí pé: “Ìyá wa, ṣé abiyamọ burúkú ni mí? Àwọn ọkùnrin ọjà ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀.”

Rárá o, ọmọ mi. Àwọn ọkùnrin yẹn ńkọ́? Ó wù mí kí n mọ èyí tó kọ́kọ́ dé títì nínú wọn.

Bí wọ́n ṣe dá wa nìyẹn. Bí etí bá gbọ́ ohun tó ń dẹ́rù bani, àyà á máa lù kì-kì-kì, ẹ̀jẹ̀ á sáré lọ sẹ́sẹ̀ àti apá, kéèyàn lè sá tàbí kó jà. Làákàyè ló máa ń pẹ́ dé. Kó tó dé yẹn gan-an lewu wà.

Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ rántí 27 oṣù kìíní ọdún 2002. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Iná sọ ní báráàkì sójà n’Íkẹjà, ó ràn dé ibi tí wọ́n kó bọ́ǹbù sí, ló bá ń dún gbàù, gbàù! Ilẹ̀ ń mì, gíláàsì fèrèsé ń fọ́. Àwọn kan ní sójà fẹ́ gbàjọba, àwọn kan ní ogun dé. Ẹsẹ̀ gbéra. Àwọn tó sá gba Òkè-Àfà n’Ísọlọ̀, ilẹ̀ ti ṣú, ewéko sì bo ojú omi kánáàlì tó wà níbẹ̀, wọ́n ṣe bí ilẹ̀ ni. Àwọn tó wà níwájú kó sómi, àwọn tó wà lẹ́yìn ò mọ̀, wọ́n ń tì wọ́n. Àwọn tó kú sínú omi yẹn tó 600, ìyá àtọmọ. Bọ́ǹbù kọ́ ló pa wọ́n. Mi ò bú òkú o; ká ní mo wà níbẹ̀, bóyá èmi náà ìbá bá wọn bẹ́ síbẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ mi, lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún pariwo, fọwọ́ kan ọmọ ná. Mí sínú, kó o mí síta pẹ̀lẹ́, kó pẹ́ ju bó o ṣe mí sínú lọ. Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Wo ibi tí ariwo ti ń bọ̀, kó o tún wo ibi tí àwọn tó ń sá forí lé. Bí èrò bá ká ọ mọ́, má bá wọn jà, má sì kọjú sí wọn. Máa yà díẹ̀díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ká ọwọ́ síwájú àyà kí èémí lè ráàyè. Bí bàtà bá bọ́, má bẹ̀rẹ̀ mú un. Bó bá ṣe owó ńkọ́? Ẹ máa bínú sí mi, ṣùgbọ́n ẹ fi í sílẹ̀!

Ọjọ́ tí ara bá rọ̀ ni kó o ti múra. Bó o bá pàtẹ tán lọ́la, rin gbogbo ọ̀nà tó jáde lọ́jà yín wò, kó o mọ èyí tí wọ́n ti fi ìsọ̀ dí. Kí ìwọ àti oníṣọ̀ kejì jọ ṣàdéhùn ẹni tó máa gbé ọmọ bí ẹnì kan ò bá sí ńlé.

Ní ti ọmọ tó o ní o ò lè wojú rẹ̀, oorun ló ń sùn ní tiẹ̀, kò mọ̀ pé o lọ. Ìyá onígààrí ló mọ̀. Mo ka lẹ́tà ẹ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí i níbẹ̀ pé o ti lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.