Mamba Point: Àwọn ilé ńlá tí kì í san owó orí fún Monrovia

Àdúgbò Mamba Point, létí òkun ní Monrovia, olú ìlú Liberia, ni iléeṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà wà. Ilé bẹ́ẹ̀ kì í san owó orí, nítorí Abala 23 nínú Àdéhùn Vienna ọdún 1961 yọ ilé àwọn aṣojú ilẹ̀ òkèèrè sílẹ̀.

Àmọ́ abala kan náà kò yọ owó iṣẹ́ pàtó sílẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ ìlú, Monrovia City Corporation, bá bá wọn kó ìdọ̀tí, owó iṣẹ́ nìyẹn, ó sì ṣe é béèrè.

Àwọn onílé yòókù ńkọ́? Liberia Revenue Authority, iléeṣẹ́ agbowó orí ìjọba orílẹ̀-èdè, ló ń gba owó orí ilé wọn, kì í ṣe ìlú. Òfin Ìjọba Ìbílẹ̀ ọdún 2018 fẹ́ kí agbára àti owó kúrò ní Monrovia lọ sí àwọn ẹkùn. "Monrovia" tí à ń wí yìí, ìjọba orílẹ̀-èdè ni. Ìgbìmọ̀ tó ń gbálẹ̀ ìlú gan-an wà lára àwọn tó ń retí ìpín.

Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1999 ti gbé owó orí ilé lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Síbẹ̀, ìpín láti àpò àpapọ̀, tí Ilé Ẹjọ́ tó Ga Jùlọ ní kó máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ni ọ̀pọ̀ wọn gbójú lé.

Bí owó ìdọ̀tí Mamba Point kò bá wọlé, àwọn tálákà West Point, tí òkun ń jẹ ilẹ̀ wọn nítòsí ibẹ̀, kò ní ohun tí wọ́n lè fi dí àlàfo náà.