Páìpù Olówó Pọ́ọ́kú: Ta Ló Ń San Ìyókù Owó Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ páìpù ni a gbé dé lónìí. Ẹ má bi wá pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ásíìdì àti irin. Èdè tí a kò bá fi jiyàn lórí ohun tí ayé ń rà tí ayé ń tà, orin àti oríkì nìkan ni yóò kù tí a ó máa fi ṣe. Àwa kò gbà kí Yorùbá rí bẹ́ẹ̀.

Níbi tí wọ́n ti ń fi ásíìdì fọ irin, ásíìdì náà gbọ́dọ̀ gbóná dé ìwọ̀n kan. Wọ́n á ri páìpù tí omi gbígbóná ń gba inú rẹ̀ kọjá sínú ásíìdì, kí ooru lè ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Ásíìdì á jẹ irin lásán tán láìpẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo ike tí fluorine wà nínú rẹ̀: PTFE tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Teflon, FEP, PFA àti PVDF.

Àwọn olùrà kan gbà pé ike kan náà ni gbogbo wọn, kí a sáà ra èyí tó dínwó jù. Irọ́ ni! PTFE àti PFA lè máa ṣiṣẹ́ nínú ooru tó tó 260°C. FEP kò kọjá nǹkan bí 200°C, PVDF kò sì kọjá nǹkan bí 150°C. Yàtọ̀ sí èyí, irin tí kì í dípẹtà ń gbé ooru kọjá ní nǹkan bí ìlọ́po 60 ti PTFE. Kí ike náà tó lè ṣiṣẹ́, ògiri páìpù gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́, páìpù sì gbọ́dọ̀ pọ̀. Níbi tí ògiri ti fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀, àbùkù kékeré ti tó kí ásíìdì fi jò. Ara òṣìṣẹ́ ni yóò sì jò sí, kì í ṣe ara ẹni tó dúnàá-dúrà.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ìyẹ̀fun PTFE tí wọ́n fi ń ṣe páìpù, inú omi ni wọ́n ti ń ṣe é, pẹ̀lú kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ó dì pọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, PFOA ni kẹ́míkà náà. DuPont bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó nítòsí Parkersburg ní West Virginia lọ́dún 1951, ó sì wọ inú omi tí àwọn ará àdúgbò ń mu. Lọ́dún 2012, ìgbìmọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí a yàn látàrí ẹjọ́ wọn parí iṣẹ́: ó ṣeé ṣe kí PFOA ní í ṣe pẹ̀lú àìsàn mẹ́fà, jẹjẹrẹ kíndìnrín wà nínú wọn. Lọ́dún 2017, DuPont àti Chemours gbà láti san owó tó lé ní mílíọ̀nù 670 dọ́là fún àwọn tó pè wọ́n lẹ́jọ́. Wọ́n ní ẹni bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Ní Parkersburg, àwọn tí kò da eérú ni eérú kọ́kọ́ tọ̀.

Ṣé kí a wá fòfin de gbogbo rẹ̀ ni? Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, Jámánì, Netherlands, Denmark, Norway àti Sweden gbé àbá tó fẹ́ fẹ̀ dé ibẹ̀ kalẹ̀ fún Yúróòpù. A mọ ohun tó ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ásíìdì hydrofluoric ń jẹ gíláàsì, ó ń jẹ tantalum. Graphite fara dà á, ṣùgbọ́n ásíìdì nitric tó bá le ń ba graphite jẹ́. Àdàlù ásíìdì méjèèjì yìí gan-an ni wọ́n sì fi ń fọ irin tí kì í dípẹtà. Ẹni tó bá ní kí a kó ike kúrò, kí ó sọ ohun tí a ó fi rọ́pò rẹ̀.

Ọwọ́ olùrà ni ọ̀rọ̀ kù sí. 3M ti kéde ní oṣù Kejìlá ọdún 2022 pé òun yóò jáwọ́ nínú ṣíṣe irú kẹ́míkà wọ̀nyí kí ọdún 2025 tó parí. Bí ọlọ́jà ńlá bá palẹ̀ mọ́, ẹni tó ń kánjú lè ra ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, kí olùrà béèrè ohun mẹ́ta kí ó tó sanwó. Irú ike wo ni èyí gan-an, níbo sì ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà? Ilé-iṣẹ́ wo ló ṣe ìyẹ̀fun tàbí hóró ike náà? Kẹ́míkà wo ni wọ́n fi ṣe é, ibo sì ni omi ìdọ̀tí rẹ̀ ń ṣàn sí?

Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn sí ìkẹta, tó sì sanwó, kí ó má sọ fún wa pé òun rí ọjà pọ́ọ́kú. Ẹlòmíràn ni yóò fi kíndìnrín san ìyókù.