Nọ́ńbà Kọ́ Ni Ọjọ́ Orí Ẹ́ńjìnnì

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń bi ẹni tó ń ta alùpùpù àlòkù: « Kìlómítà mélòó ló ti rìn? » Bí ó bá ní 15 000, a ó rẹ́rìn-ín, a ó sì ka owó. Bí ó bá ní 60 000, a ó sá bí ẹni tó rí ejò. Àwa ń sọ ọ́ gbangba pé àṣà yìí kò mọ́gbọ́n dání, àti pé àwọn tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn ni ó ń pa lára jù.

Kí ni ó ń ka nọ́ńbà náà? Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré, wáyà kan láti táyà iwájú ni ó ń yí i. Ẹni tó bá tú wáyà náà lè gùn ún fún ọdún kan kí nọ́ńbà má sì kúrò lójú kan. Òmíràn kò ní ju ààyè nọ́ńbà márùn-ún lọ: lẹ́yìn 99 999, ó padà sí òdo, arúgbó sì di ọmọ tuntun.

Kódà bí nọ́ńbà bá jẹ́ òtítọ́, ìrìn ni ó ń sọ, kò sọ ìtọ́jú. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó. Láti Àjàṣẹ́ dé Kútọnu tó nǹkan bí 30 kìlómítà. Òṣìṣẹ́ tó ń lọ tó ń bọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ márùn-ún yóò rin 300 lọ́sẹ̀ kan, 12 000 ní ọ̀sẹ̀ 40. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ó ti di 60 000. Bí ó bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè sàn ju ti ẹni tó rin 15 000 péré lójú ọ̀nà oko eléruku ní Kétu, tí kò fọ asẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ rí. Eruku tó gba inú asẹ́ tó ya wọlé a máa ha písítìn àti ara sílíńdà. Èyí tí wọ́n gbé sí kọ̀rọ̀ fún ọdún púpọ̀ náà kò bọ́: epo inú kabúrétọ̀ a di ìdọ̀tí, ìpẹtà a sì mú táńkì.

A kò sọ pé ìrìn kì í gbó irin. Ohun tí a kọ̀ ni kí nọ́ńbà nìkan jẹ́ adájọ́. Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó tan án. Bí ó bá ti gbóná, ẹ dúró kí ó tutù, nítorí nígbà tí ó bá tutù ni àárẹ̀ rẹ̀ máa ń hàn. Ẹ wo èéfín: lára ẹ́ńjìnnì tí a kì í po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, èéfín aláwọ̀ búlúù tí kò dáwọ́ dúró ń sọ pé ọ́ìlì ń jó nínú. Ẹ tẹ́tí sí ìró irin. Ẹ wo rọ́bà ibi ìtẹsẹ̀: bí ó bá ti jẹ tán, tí nọ́ńbà sì ń pe ara rẹ̀ ní 8 000, òpùrọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀dọ́ tó fi owó èésú ra alùpùpù láti ṣe zémidjan kò ra ohun ìṣeré. Oúnjẹ ilé rẹ̀ ni ó rà. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lóṣù kẹta, gbèsè kò ní bá a kú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ yí ìbéèrè padà: ta ni ó gùn ún, ojú ọ̀nà wo ni ó gbà, ìgbà wo ni ó pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn? Ẹní bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Olùtajà tí kò bá lè dáhùn, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.