ILÉ TÍ A FI ITỌ́ MỌ



Ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, ìyàrá lókè: kò sí àbùkù níbẹ̀. Púlọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, ìdajì rẹ̀ ni agbára ọ̀pọ̀ wa ká. Òkè náà la ó kọ́ ọ lọ.

Àìyẹ̀wò ló ń pani. Lọ́jọ́ 13 oṣù March, 2019, ilé kan wó ní Ìta Fàájì l'Ékòó. Ilé ẹ̀kọ́ ń bẹ lókè, àwọn ayálégbé ń bẹ nísàlẹ̀. Ènìyàn bíi 20 kú, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní àwọn ti sàmì sí i pé wíwó ni. Àmì lásán a máa gbọmọ là bí?

Owó púláànù ló ń lé tálákà sọ́dọ̀ bíríkìlà nìkan. Kí ìjọba ya púláànù ọ̀fẹ́ fún ìdajì púlọ́ọ̀tì: fèrèsé tó kojú síra kí atẹ́gùn lè kọjá, táǹkì tí yóò gba omi òjò orí páánù. Kí ẹnjiníà ìjọba yẹ ìpìlẹ̀ àti irin wò kí a tó da dẹ́kìn.

Ẹni tó bá wá tọrọ ìbò, ẹ bi í: ta ni yóò yẹ ilé wa wò? Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.