Irọ́ Ni Pé Ojúlówó Ni Tíátà Wa, Àwòkọ Ni Ti Gánà

Ẹ dúró díẹ̀ ní ibùdókọ̀ VIP ní Asafo, Kumasi, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ Accra kò tíì kún. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wo fíìmù Twi lórí fóònù, tí àwọn ará Kumasi ń rẹ́rìn-ín kèèkè, ẹ ó rí ọmọ Yorùbá kan tí yóò yínmú. Yóò ní: “Kí ni wọ́n mọ̀ nínú eré? Inú eégún ni tíátà tiwa ti jáde. Àwọn wọ̀nyí, òyìnbó ni wọ́n ń sín jẹ.” Àwọn tó wà nítòsí á mi orí, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníṣòwò, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu tísà, ó sì ti sú mi.

Ìdajì ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́, ìdí nìyẹn tí kò fi tètè kú. Lọ́dún 1918, ní Sekondi ní Gold Coast (orúkọ Gánà nígbà náà), tísà kan tí wọ́n ń pè ní Yalley bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré apanilẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Empire Day. Ó dé irun àtọwọ́dá, ó lẹ irunmú sójú, ó sì kun ojú. Ní nǹkan bí ọdún 1924 sí 1926, tọkọtaya adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Glass àti Grant, ń jó, wọ́n sì ń ṣàwàdà ní Accra. Ocansey oníṣòwò ló pè wọ́n wá. Nígbà tí Bob Johnson, òṣèré ará Gánà, dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó kun ojú dúdú, ó fi funfun yí ẹnu ká. Àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ń kun irú ojú bẹ́ẹ̀ láti fi àwa aláwọ̀ dúdú ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí ẹni tó lè sẹ́ ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lọ́dún 1952, E. K. Nyame dá Akan Trio sílẹ̀, ó so ẹgbẹ́ onígìtá mọ́ eré. Èdè Akan ni wọ́n ń sọ, ọ̀rọ̀ ilé ara wọn ni wọ́n sì ń ṣe: ìyàwó bàbá tó ń fìyà jẹ ọmọ òrukàn, ogún tí ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni ń pín, ọkọ tó mutí yó. Bí ebi bá ń pa ọmọ òrukàn náà lórí pèpéle, èrò ìwòran á dìde, wọ́n á lọ kó owó lé e lọ́wọ́ kí eré tó tẹ̀ síwájú. Ta ni òyìnbó tó kọ́ wọn nìyẹn? Nínú àlọ́ Akan nípa Ananse aláǹtakùn, ẹnikẹ́ni tó ń gbọ́ àlọ́ lè dá apàlọ́ dúró kó dá orin. Mboguo ni wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọmọ Ananse ni Bob, bó ti wù kó kun ojú tó.

Ó wá ku àwa. Ẹni tó máa dáṣọ fúnni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Nígbà tí Hubert Ogunde gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Glover Hall, Èkó, lọ́dún 1944, ọ̀rọ̀ ọgbà Édẹ́nì ló fi ṣe, ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ló sì ṣe é fún. Ní 1947 ó lọ sí London, ó kọ́ ijó òyìnbó. Ní 1948 ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí Gold Coast níhìn-ín pẹ̀lú eré Sólómọ́nì Ọba, kò tà. Eré orin àti ijó tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ “Swing the Jazz” ló wá gbé jáde fún wọn. Ó tún ṣe òmíràn, “Gold Coast Melodies”. Nígbà tó di 1950, ó yí orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ padà sí Ogunde Concert Party. Concert Party! Orúkọ tí àwọn ará Gánà ń pe tíátà tiwọn, tí a sì fi ń bú wọn, bàbá tíátà wa ló so ó mọ́ra.

Moses Olaiya, aláwàdà tí a mọ̀ sí Bàbá Sàlá, inú ẹgbẹ́ olórin háíláìfù ló ti bọ́ sídìí àwàdà. Sunny Adé ta gìtá nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ibo ni háíláìfù ti wá? Etíkun Gánà ni, E. T. Mensah ló sì wá fi rìn káàkiri ìlú wa láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Jígí Bàbá Sàlá tí kò ní gíláàsì àti táì rẹ̀ tó gbòòrò ju àyà lọ, ẹ sọ fún mi, inú igbàlẹ̀ wo ni ìyẹn ti jáde?

Bí a bá fẹ́ sọ ìyàtọ̀, ìyàtọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ obìnrin ni mo máa fi ṣe é, torí ibẹ̀ ni ojú ti máa ń ti gbogbo wa. Axim Trio ti Gánà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1935, ọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ló ń wé gèlè, tó ń kun àtíkè, tó ń gbé báàgì kọ́ apá. Òun ni ìyáàfin. Ẹgbẹ́ ọkùnrin díẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò nílò ju mọ́tò kan lọ. Ogunde ní tirẹ̀ fẹ́ obìnrin gidi, ṣùgbọ́n kò sí òbí tó fẹ́ kí ọmọ òun máa jó lójú agbo. Ló bá fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn pé òun ń wá akọ̀wé obìnrin, àwọn tó wá ló sì kọ́ ní eré. Bí wọ́n bá wá mọ eré tán, ọkọ á gbé wọn lọ. Ó rí i pé òfò ni, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ wọn fúnra rẹ̀. Bí ilé ṣe di ẹgbẹ́ nìyẹn, tí ẹgbẹ́ di ilé. Ìyàwó kì í béèrè owó oṣù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní ọlá tíátà Yorùbá, òógùn àwọn ìyàwó wọ̀nyẹn ni.

Ní Gánà, ìgbà tí ìjọba Nkrumah dá ẹgbẹ́ eré Workers' Brigade sílẹ̀ láwọn ọdún 1960 ni obìnrin bíi Adelaide Buabeng bọ́ sórí pèpéle, tí wọ́n ń gba owó oṣù. Láàárín àkókò yẹn kan náà, ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà wa fi òfin de Ogunde nítorí eré rẹ̀ “Yorùbá Ronú”. Àwọn tó ń yínmú ní Asafo kì í rántí èyí.

Wọ́n á ní: eégún ńkọ́? Eégún aláàrìnjó wà, mi ò sọ pé kò sí, Ogunde pàápàá bá wọn ṣe nígbà èwe rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí àwọn eégún náà ń ṣe. Wọ́n ń ṣe Tápà, wọ́n ń ṣe ará Dàhọ̀mì, wọ́n sì ń ṣe Òyìnbó. Ní 1826, nígbà tí Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, dé Ọ̀yọ́ Ilé, wọ́n ṣeré fún un níwájú Aláàfin. Nínú apá kẹta, ẹ̀dá kan bọ́ jáde, ó tín-ín-rín, ó funfun báláú. Ó ń fín áṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ bí òyìnbó tí kò rìn láìwọ bàtà rí. Ìyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí Yalley tó dé irun àtọwọ́dá ní Sekondi. Àwọn èrò ìwòran pariwo, wọ́n yíjú sí Clapperton, wọ́n ní kí ó wò ó dáadáa, ṣé kò jọ ọ́.